Mo Pa Àwọn Ehoro Lẹ́nu Mọ́

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó le jù, torí bí mo bá rọra ń bọ̀, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Àánú àwọn ẹranko kan ṣe mí, àánú náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ìyá mi.

Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún ara mi nìyẹn. Ẹ ó rí i tó bá yá pé irọ́ wà nínú rẹ̀.

Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kí ilé ẹ̀kọ́ wa tó kógbá sílé. Lẹ́yìn náà ni mo ríṣẹ́ sí ilé ìwádìí oògùn kan, níbi tí mo ti ń tọ́jú ehoro. Àwọn ará ibẹ̀ kò yéé pè mí ní Tíṣà.

Yàrá àwọn ehoro mọ́, ó tutù, kò sì ní fèrèsé. Wọ́n to kéèjì sára ògiri ní ìpele ìpele, òórùn koríko gbígbẹ sì máa ń bá mi délé nínú irun mi.

Ẹ fọkàn bá mi lọ níbi tí mo fẹ́ sọ yìí, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Ehoro kì í sábà ké. Ẹran tí àwọn ẹran mìíràn ń pa jẹ ni. Bó bá fi hàn pé ara òun kò le, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé. Torí náà, bí àlejò bá wọlé, ehoro tí inú ń run á jókòó jẹ́ẹ́ bíi pé kò sí nǹkan kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa nìkan ló lè rí i: ojú tó ń dín, etí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, eyín tó ń lọ̀ mọ́ra wọn.

Ìdí nìyẹn tí Dókítà, ọ̀gá wa, kì í fi í wọ yàrá wọn láàárọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí.

"Tíṣà, àwọn ọmọ wa ńkọ́?"

"Wọ́n jí dáadáa, sà."

Ohun tí mo bá sọ lẹ́nu ọ̀nà yẹn ni yóò fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí mo bá sọ pé ìrora ti wọ̀ wọ́n lára, òfin iṣẹ́ wa ni pé kí a má gbé oògùn náà sókè mọ́. Ẹranko tí ìrora rẹ̀ bá sì ti pọ̀ jù, abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn láì jí ni a ó fún un. A kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó jìyà kọjá ibi tó yẹ. Mo gba òfin yẹn gbọ́. Èmi gan-an ni mo máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Kékeré náà, ṣùgbọ́n kò gbà.

Kékeré ni àbúrò mi ọkùnrin. Àbígbẹ̀yìn ni, orúkọ yẹn sì lẹ̀ mọ́ ọn lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà mi wọlé. Télọ̀ ni, télọ̀ tó mọ ọwọ́. Àfi bí àrùn oríkèé ṣe kọ lù ú. Irú àrùn tí mò ń wí yìí, ara ẹni ló ń bá ara jà: ohun tó yẹ kó máa lé àìsàn jáde lára á dojú ìjà kọ oríkèé. Ìka rẹ̀ wú, wọ́n sì wọ́. Abẹ́rẹ́ kò ṣeé mú mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Áà, Àǹtí mi, wọ́dà àwọn ehoro! Ẹ káàbọ̀ o. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n yín ńkọ́?"

"Kékeré, mi ò fẹ́ yẹ̀yẹ́."

"Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ ni. Ta ló bi wọ́n léèrè kí ẹ tó fún wọn lóògùn?"

"Báwo la ṣe fẹ́ bi ehoro léèrè?"

"Ẹ̀n-ẹ́n! Torí pé kò lè fèsì, ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ní bẹ́ẹ̀ ni."

Mo fa àga kan, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe fáwọn ọmọ kíláàsì. Mo ní oògùn tí kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tó máa ṣe lára, ẹnìkan kò lè kàn gbé e fún ọmọ ènìyàn. "Tí a kò bá kọ́kọ́ dán an wò lára ehoro, ara ta ni ká ti dán an wò? Ara tìẹ?"

"Ara tèmi kẹ̀! Èmi ni oríkèé ń dùn, ehoro kọ́. Ẹni tí nǹkan ń ṣe ni kó gbé oògùn mì. Ehoro ò bẹ̀ yín níṣẹ́."

"Tó bá pa ọ́ ńkọ́?"

"Ẹ ó wá ilé télọ̀ míì rán aṣọ ọ̀fọ̀, torí tèmi á ti tì."

Ó rẹ́rìn-ín títí sísọ́ọ̀sì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Ìka rẹ̀ kò ká mọ́ ọn. Ó tún gbìyànjú. Mo bá a mú un, mo fi lé orí tábìlì. Kò dúpẹ́, n kò sì wo ojú rẹ̀.

N kò sọ fún un lọ́jọ́ náà pé oògùn tí àwọn ehoro mi ń lò, oògùn àrùn oríkèé ni.

*

Nígbà tí oògùn náà kéré, wàhálà kò sí. Wọ́n gbé e sókè díẹ̀, kò sí. Wọ́n tún gbé e sókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo wọlé, mo rí i pé Ìyàwó kò fọwọ́ kan koríko rẹ̀. Ìyàwó ni mò ń pe abo ehoro kan tó ní àwọ̀ eérú, torí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa lá ara rẹ̀ lọ bí ẹni tí ọkọ ń retí. Lọ́jọ́ náà ó ká ara jọ sí kọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ dín. Mo gbé etí sún mọ́ ọn. Eyín rẹ̀ ń lọ̀ mọ́ra wọn.

Mo wo kéèjì tó tẹ̀ lé e. Bákan náà. Mo wo èyí tó wà lókè. Bákan náà.

Mo gbọ́ ìró bàtà Dókítà.

Ẹ bá mi ro ohun tó wà lọ́kàn mi lásìkò yẹn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, oògùn náà dópin. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ti kùnà, ọ̀gá àgbà sì ti sọ pé tí èyí náà bá kùnà, àwọn á pa iṣẹ́ náà tì. Ìyàwó àti àwọn tó kù á gba abẹ́rẹ́ ìsùn. Kékeré á sì máa bẹ̀rẹ̀ mú sísọ́ọ̀sì títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi kú pátápátá.

"Tíṣà, àwọn ọmọ wa ńkọ́?"

"Wọ́n jí dáadáa, sà."

Ó yà mí lẹ́nu bí ó ṣe rọrùn tó.

Nígbà tó lọ tán, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Oògùn ìrora olómi wà níbẹ̀, èyí tí a máa ń fún ehoro tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún. Mo gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pọ̀, mo kán oògùn náà sí i, mo gbé e síwájú wọn. Ìyàwó kọ́kọ́ yí ojú kúrò. Nígbà tó yá, ó lá a.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń jẹ koríko. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lá ara rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, ṣé ẹ rí i, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kú.

Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni mò ń gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ olóògùn yẹn fún wọn.

Dókítà ẹranko máa ń wá yẹ̀ wọ́n wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó tẹ inú wọn, ó wo ojú wọn, ó rí i pé wọ́n ń jẹun níṣojú òun.

"Tíṣà, ọwọ́ yín tutù. Gbogbo ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, mi ò tíì rí ẹni tó ń tọ́jú wọn báyìí."

Mo dúpẹ́. Ìyìn yẹn dùn mọ́ mi, kí n má purọ́ fún yín.

Nígbà tí iṣẹ́ náà parí, wọ́n fi gbogbo wọn sùn, torí bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn, wọ́n sì la inú wọn wò. Gbogbo ikú tí mo ní mò ń lé lọ, mo kàn sún un síwájú ni. Wọ́n rí ibi tó pọ́n nínú ìfun wọn. Dókítà pè mí.

"Tíṣà, ṣé wọ́n jẹun dáadáa títí dé òpin?"

"Wọ́n jẹun, sà."

"Ẹ ò rí ìrora kankan?"

"Rárá, sà."

"Nígbà náà, pípọ́n yìí kò tó nǹkan." Ó gbé ìwé tó wà níwájú rẹ̀ tì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti tó ká fún èèyàn."

*

Mo ti ṣètò rẹ̀ lọ́kàn mi pé àwọn kan á kọ́kọ́ lo oògùn náà, pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lò ó láyọ̀ ni yóò kan Kékeré. Ta ni àwọn kan yẹn? Mi ò fún wọn lójú, mi ò fún wọn nímú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Kékeré tẹrí ba gba ẹnu ọ̀nà mi wọlé, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi yọ̀. Wọ́n ti gbà mí."

"Níbo?"

"Ní ọsibítù. Oògùn oríkèé tuntun kan. Àwa la máa kọ́kọ́ lò ó. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ yín ló ti wá, ẹ sì bá mi dákẹ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan! Wo ẹ̀gbọ́n!"

"Kékeré, dúró de àwọn tó máa tẹ̀ lé e."

"Kí nìdí? Ṣebí ehoro yín lò ó?"

"Wọ́n lò ó."

"Ṣé ó ṣe wọ́n ní nǹkan?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí ni ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu fún mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni.

"Wọ́n jẹun dáadáa," mo ní.

"Ẹ̀rù kí ló wá ń bà yín?"

Nígbà tó lọ tán, mo ń rìn yí ká pálọ̀. Àwọn tó kórìíra iṣẹ́ wa máa ń sọ pé ara ehoro yàtọ̀ sí ara èèyàn, pé ohun tó ṣe ehoro lè má ṣe wá. Láti ọjọ́ pípẹ́ wá ni mo ti ń já wọn nírọ́. Lọ́jọ́ náà, mo di ọ̀rọ̀ wọn mú bí ẹni tó ń rì sínú omi ṣe ń di igi mú. Mo ní bóyá wọ́n jàre. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n jàre.

Níbẹ̀rẹ̀, ó dà bíi pé wọ́n jàre. Ìka Kékeré tún nà. Ó ti òwú bọ abẹ́rẹ́ lórí ibùsùn ọsibítù, nọ́ọ̀sì sì pàtẹ́wọ́. Ìyàwó àbúrò mi gbá mi mọ́ra, ó ní Ọlọ́run ló gba ọwọ́ mi ṣe é.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé oògùn náà sókè.

Mo wọ wọ́ọ̀dù lọ́sàn-án. Kékeré jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó jẹ́ẹ́. Kékeré tí kì í jókòó jẹ́ẹ́! Ojú rẹ̀ dín. Páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń le, ó ń rọ̀.

Mo mọ ojú yẹn. Èmi nìkan nínú ọsibítù náà ni mo mọ ojú yẹn.

"Inú ń run ọ́," mo ní.

"Díẹ̀ ni."

Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ láti tún un ṣe. Ọwọ́ mi kan páálí oògùn ìrora, èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísítì. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Kékeré, kí lèyí?"

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé o ti sọ fún nọ́ọ̀sì?"

"Kí n sọ kí wọ́n yọ mí kúrò? Ẹ wo ọwọ́ mi." Ó ṣí i, ó pa á dé. Ó tún ṣí i. "Ẹ wò ó! Àǹtí mi, ẹ bá mi pa á mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí mo ti jẹ níyà."

Awakọ̀ kan tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì gbórí sókè. "Ìyá, ẹ fi í sílẹ̀. Inú tèmi náà ń ta. Ẹni tó bá la ẹnu níbí, ilé ló ń lọ. Ẹ má bá wa da nǹkan rú."

Kékeré fi orí júwe rẹ̀. "Ẹ gbọ́? Kì í ṣe èmi nìkan."

"Tu oògùn tí wọ́n ń fún ọ dànù," mo sọ ọ́ sí i létí. "Fi sábẹ́ ahọ́n. Tí nọ́ọ̀sì bá lọ, tu ú sílẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́."

Ó wò mí pẹ́. "Kí lẹ mọ̀ tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kò sí."

"Àǹtí mi."

"Mo ní kò sí."

Mo jáde síta. Mo rìn dé iwájú yàrá nọ́ọ̀sì, mo gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn. Bí mo bá sọ ti Kékeré, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀. Bí wọ́n bá bi mí, gbogbo rẹ̀ ló máa tú jáde. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Mo ní ó di ọ̀la.

Ọ̀la náà kò tíì mọ́ tán tí ìyàwó rẹ̀ fi pè mí lórí fóònù. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Kékeré ti bi ẹ̀jẹ̀ dúdú. Wọ́n ti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

*

Dókítà pe ìpàdé ní kíá. Àwa mẹ́ta ni: òun, dókítà ẹranko, àti èmi. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé àbúrò mi lẹni tó wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

"Mo ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò," ó ní. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Àwọn ehoro wa lo èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ó jọ pé ọgbẹ́ ti wà nínú ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀. Ó ṣeni láàánú. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù lè máa bá a lọ."

Dókítà ẹranko mi orí. "Ehoro kì í purọ́."

Mo rántí awakọ̀ yẹn. Mo rántí pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pín oògùn ọ̀sán.

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bá a lọ, sà."

"Tíṣà?"

"Wọ́n jẹ̀rora. Gbogbo wọn. Mo fún wọn ní oògùn ìrora láàárọ̀ láàárọ̀ kí ẹ má bàa rí i."

Dókítà dìde, àga rẹ̀ ṣubú, ó sáré dé ìdí fóònù. "Ẹ dá a dúró! Ẹ má fún ẹnikẹ́ni! Ẹ yẹ inú gbogbo wọn wò báyìí!"

Dókítà ẹranko kò yí ojú kúrò lára mi. "Mo fọwọ́ mi tẹ inú wọn," ó ní. "Mo yìn yín."

"Mo mọ̀, mà."

"Kí ló dé?"

"Àánú wọn ṣe mí."

"Àánú wọn nìkan?"

Mo bú sẹ́kún. "Àbúrò mi ni ọkùnrin náà. Mo fẹ́ kó rí oògùn náà lò."

Dókítà padà wá, ó dúró níwájú mi. Mo ti múra sílẹ̀ kó pè mí ní apànìyàn. Ohun tó sọ kọ́ nìyẹn.

"Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe fáwọn ehoro yẹn? Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ lọ́wọ́ wọn, pé kí wọ́n fi ara wọn kìlọ̀ fún wa. Wọ́n kìlọ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n fọkàn tán, ẹ pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Wọ́n kú lásán, Tíṣà. Tí a bá fẹ́ mọ ibi tí oògùn yìí ti ń pani lára, àwọn mìíràn la ó kó wá, wọ́n á sì tún jìyà náà látìbẹ̀rẹ̀."

Mo kó ẹrù mi lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti fi ẹjọ́ mi sùn, mi ò sì ní jiyàn nígbà tó bá kàn mí. Wọ́n rí ọgbẹ́ nínú ìfun awakọ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n tètè bá a.

Àwọn kan nínú yín á ní ká má fi ẹranko dán oògùn wò rárá. Àwọn mìíràn á ní kò sí ọ̀nà mìíràn. Mo ti jókòó ti àwọn méjèèjì, mi ò lè dá ẹjọ́ náà. Èyí tí mo lè sọ fún yín kò ju ẹyọ kan lọ: bí ẹ bá ti gbé ẹ̀dá tí kò lè kọ̀ fún yín sínú kéèjì, ìrora rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sì pe gbígbà á ní àánú.

*

Kékeré kò kú. Wọ́n gé lára ìfun rẹ̀. Ìka rẹ̀ ti tún ń ká kò.

Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ jókòó tì í, ojoojúmọ́ ló ń kọjú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀ kì í kí mi mọ́. Bí mo bá wọlé, á dìde, á gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Lánàá ni Kékeré kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Kò yíjú.

"Ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Mo bi yín. Mo jókòó síbí, mo bi yín."

"O bi mí, Kékeré."

Mo gbọ́ bí mímí rẹ̀ ṣe ń há.

"Wọ́n ti kó ehoro míì wá?"

"Mo gbọ́ pé wọ́n ti kó wọn wá."

"Ta ló ń tọ́jú wọn?"

"Mi ò mọ̀."

Ó yíjú sí mi nígbà náà. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Mo na ọwọ́ láti nù ún, ó sì fi ọwọ́ wíwọ́ rẹ̀ dá mi dúró.

"Ó ń dùn mí," ó ní. "Kì í ṣe díẹ̀."

Mi ò sọ fún un pé kó rọ́jú. Mi ò sọ pé yóò lọ. Mo dìde, mo lọ pe nọ́ọ̀sì.